Ilé Mi Tó Ní Táyà

Kí bọ́ọ̀sì yẹn tó di ilé, ata ni mo fi ń kó. Mo máa ń ra ata lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Kuta, Olúpọ̀nnà àti Ilé-Ogbó, màá sì gbé e wá sí ọjà ní Ìwó kí oòrùn tó mú. Bí ìgbà àlùbọ́sà bá dé, màá wà á lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ bá àwọn Haúsá tó ń já a sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ń wa ọkọ̀ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló jókòó sídìí ọkọ̀. Èmi náà á wò wọ́n padà. Nígbà tó yá, ó sú wọn. Kò sú mi.

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, lórí pápá ilé ìwé míṣọ́nnì tó ti ń ṣe tíṣà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, á ní, "Tún un ṣe," kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tó fẹ̀yìn tì ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń jà raburabu kó tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Yàrá iwájú la tẹ́ ẹ sí, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún púpọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí pé mo tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni. Yàrá náà mọ́, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kì í dọ̀tí, fèrèsé sì wà níbẹ̀. Àmọ́ ògiri ilé kejì ni fèrèsé náà kọjú sí.

Lọ́jọ́ kan, mo bẹ ọkùnrin méjì ládùúgbò, a gbé e jáde. Mo ti tẹ́ tìmùtìmù sórí àpò ata nínú bọ́ọ̀sì, a tẹ́ ẹ síbẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè máa rí ìta, mo sì rọra kọrí sí ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Ojú rẹ̀ ń bá igi lọ. Ó rí àwọn ọmọ iléèwé, ó rí àwọn obìnrin tó ń sá láfún sórí àpáta, ó rí màlúù. Nígbà tí mo dúró láti yí padà, ó fi ọwọ́ òsì lu ara ọkọ̀, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì já gaara: "Máa lọ." Mo wà á dé Ilé-Ogbó kí n tó yí orí ọkọ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, gbọ́, inú bí wọn. Wọ́n ní kí ni mò ń fi aláìsàn ṣe nínú ọkọ̀ ata. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, mo tún gbé e jáde.

Lẹ́yìn tó kú, tí gbogbo ètò ìsìnkú parí, àkọ́bí mi obìnrin wá mú mi lọ sí ilé rẹ̀ n'Íbàdàn. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe ọmọ dáadáa. Yàrá tó fún mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Táìlì ń dán nílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ mi bí ẹran tí wọ́n fẹ́ tọ́jú pamọ́. Láàárọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ á lọ síléèwé, ilé á sì pa lọ́lọ́. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ pé kí n rìn lọ sí òpin àdúgbò, mẹ́gáàdì á ní Mọ́mì ní kí òun má jẹ́ kí Màmá jáde. Ó ń bẹ̀ mí, ó sì dúró sẹ́nu géètì. Mo padà sókè. Mo dùbúlẹ̀, mo ń wo àjà. Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí ọkọ mi ń wò fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Mo ní mo fẹ́ lọ wo ilé ní Ìwó. Ọmọ mi ní kí n ní sùúrù di òpin ọ̀sẹ̀ kí òun gbé mi lọ. Mi ò ní sùúrù. Mo wọ bọ́ọ̀sì èrò.

Ó yẹ kí n sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá mi fà á tipẹ́. Ẹni tó bá ní in mọ̀ pé bí ìtọ̀ bá dé, kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í dúró. A kò tíì kọjá Lálúpọn tí mo fi sọ fún awakọ̀ pé kó jọ̀wọ́ bá mi dúró. Ó ní òun ò lè máa dúró kiri ojú ọ̀nà nítorí ẹnì kan. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí àwọn àgbàlagbà máa tọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Mo fún itan mi pọ̀, mo di àga iwájú mú, mo gbàdúrà. Ìtọ̀ dé. Ó gba ara ìró mi, ó gba orí ìjókòó, ó sàn lọ sílẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó tì mí gbé báàgì rẹ̀ sókè. Mi ò ní sọ pé ojú kò tì mí. Ojú tì mí dé egungun. Àmọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó, tí mo ń rìn lọ sílé nínú ìró tútù, ìtìjú yẹn ti ń di nǹkan mìíràn. Mo ń bi ara mi pé, èmi tí mo ní ọkọ̀, kí ló gbé mi dé inú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?

Ọkọ̀ mi wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Ewé ti bò ó, adìyẹ kan ti ń yé sábẹ́ rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn, òórùn ata kí mi káàbọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Kí n tó jáde, mo ti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà.

Mi ò padà sí Ìbàdàn mọ́. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo pe káfíńtà àti wẹ́dà. Káfíńtà náà kò tíì bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé rí. Ó yí ọkọ̀ po, ó wojú mi, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kó kúrò nílé ni?"

Mo ní rárá, ilé ni mo fẹ́ máa gbé lọ.

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó mú téèpù jáde. A kọ́kọ́ yọ àwọn ìjókòó tó kù. A fọ ilẹ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́, a tún un fọ̀, síbẹ̀ ata ò lọ. Káfíńtà ń sín, wẹ́dà ń sín, èmi nìkan ni ò sín, nítorí ata ti mọ imú mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjà bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà fẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì náà ní ìbú, pé àyè á pọ̀ sí i. Mo ní kó kàn án ní gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òsì, kó sì ga dé orúnkún mi gan-an, torí bí bẹ́ẹ̀dì bá lọ sílẹ̀ jù, ẹni tó máa gbé mi dìde kò sí. A jọ fà á. Mo jókòó sórí àpótí, mo dìde, mo tún jókòó sórí òmíràn, mo dìde, títí a fi rí ìwọ̀n tí orúnkún mi fara mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà di àpótí onílẹ̀kùn fún aṣọ, ìkòkò àti ìrẹsì.

Omi tún ni wàhálà kejì. A kan pẹpẹ kékeré sítòsí ilẹ̀kùn, a gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lé e, a fi ẹ̀rọ omi sẹ́nu wọn, a gbé bàsíà onírin sábẹ́ rẹ̀, a sì fi rọ́bà gbé omi ìdọ̀tí lọ sínú garawa nísàlẹ̀ ọkọ̀. Sítóòfù gáàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sílíńdà rẹ̀ ni mi ò gbà kó wọlé. Wẹ́dà jó àgò irin sẹ́yìn ọkọ̀, ibẹ̀ la tì í mọ́. Ó gé ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kan, a fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí ẹ̀fọn. Torí pé páànù ọkọ̀ máa ń gbóná bí agbada, a fi fóòmù tẹ́ abẹ́ òrùlé, a sì fi pákó pẹlẹbẹ bò ó. Wọ́n gbé sólà kékeré kan sórí rẹ̀, òun ló ń gbé fáànù, gílóòbù àti fóònù.

Ibi tí mo fúnra mi dúró tì títí dé òpin ni ibi ìtọ̀. Mo ní kí káfíńtà kan àga tó lágbára, kó gé ihò sáàárín rẹ̀, kó kan ìdérí sí i, kí garawa onídèérí sì wọ abẹ́ rẹ̀. A kó ẹ̀là pákó kíkúnná tó ń jábọ́ nídìí ayùn sínú ọ̀rá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti máa dà lé e, kí òórùn má bàa yọ. Aṣọ tó nípọn yí i ká. Wẹ́dà jó irin ìdìmú sí ògiri. Nígbà tí wọ́n parí, mo wọlé, mo fa aṣọ, mo jókòó. Mi ò ní ìtọ̀ kankan láti tọ̀ lásìkò náà. Mo kàn jókòó ni. Mo rántí awakọ̀ yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín sínú.

Àdúgbò ò dákẹ́. Àwọn kan ní ọ̀fọ̀ ọkọ ló dà mí lórí rú. Àwọn kan ní ẹbí ọkọ mi ti fẹ́ ta ilé mọ́ mi lórí ni mo ṣe ń palẹ̀ mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹni tó ti di ìyá àgbà, ilé ló yẹ kó máa gbé, kó máa gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Mo ní mo lè máa gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì, Olúwa mọ nọ́ńbà rẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tí kò bi mí léèrè ìdí ni ọ̀rẹ́ mi. Aṣọ ló ń tà, a ti jọ wà lọ́jà láti ìgbà tí a kò tíì bímọ. Mùsùlùmí ni, ó ti lọ sí Mẹ́kà, Àlájà ni gbogbo ọjà ń pè é. Ó wá wo ọkọ̀ náà, ó fọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó wo abẹ́ àga ìtọ̀, ó ní, "Níbo ni kẹ́tù àlùwàlá mi máa wà?" Mo pe káfíńtà padà, ó kan ibì kan fún un.

Kuta la kọ́kọ́ wà á lọ, láti dán an wò. A ti se ẹ̀wà sínú ìkòkò kí a tó kúrò. Kò sí ohun tó dúró síbi tí a gbé e sí. Nígbà tí a wọ kòtò àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn àpótí ṣí, àwo fọ́n ká. Nígbà tí a wọ èkejì, kẹ́ẹ̀gì kan dojú dé. Ní ẹ̀kẹta, ẹ̀wà gbéra kúrò lórí sítóòfù, ó sì balẹ̀ sórí itan Àlájà. Ọpẹ́ ni pé ó ti tutù. Ó wo ẹ̀wà, ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Ìyá Ọlọ́kọ̀, mo ti jẹun tèmi o." A dúró sẹ́bàá ọ̀nà, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí a dé Kuta, a páàkì sábẹ́ igi kan létí pápá iléèwé, a tún ìrẹsì sè, a jẹun, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, atẹ́gùn sì ń wọlé. Mo sùn lọ́sàn-án, oorun àsùnwọra. Nígbà tí a padà sílé, káfíńtà fi ìkọ́ sí gbogbo ilẹ̀kùn àpótí, ó kan etí sí gbogbo pẹpẹ, wẹ́dà sì jó irin yí sítóòfù ká kí ìkòkò má bàa lè rìn mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ọkọ̀ ọmọ mi níwájú ilé. Mo yára wọ ẹ̀yìnkùlé. Mo rí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó yọ síta lábẹ́ bọ́ọ̀sì mi. Ọmọ mi dúró tì í. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí àga tí wọ́n gbé jáde fún wọn lábẹ́ máńgòrò. Ọkùnrin náà yọ jáde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára, ó sọ fún ọmọ mi pé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ṣì le dáadáa, òun á kàn yọ gbogbo pákó inú rẹ̀ dànù.

Ọmọ mi kò lè wojú mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, pé àwọn ti fẹnu kò sí i pé kí àwọn ta ọkọ̀ náà.

Mo fi Bíbélì mi sábẹ́ apá, mo di irin ẹnu ọ̀nà mú, mo gun ọkọ̀ mi. Mo bọ́ bàtà. Mo tú gèlè. Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì, mo sì na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọkùnrin tó fẹ́ rà á yọjú wọlé, ó bi mí bóyá kò sí wàhálà. Mo ní kò sí wàhálà kankan, kó máa bá tirẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tó bá ra ọkọ̀ yìí ra èmi náà mọ́ ọn ni, oògùn mi sì wà nínú àpótí, kó má gbàgbé láti máa fún mi láàárọ̀. Ó wò mí, ó wo àga ìtọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. A kò rí i mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dìde, wọ́n wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ohùn wọn kò lọ sókè. "Ìyàwó, bọ́ sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ kí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì náà, torí ẹ̀kọ́ ilé kò ní kí n yájú sí wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní bọ́ sílẹ̀."

Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ayé máa sọ pé àwọn kò lè fún ìyàwó àbúrò wọn ní ibi tó máa gbé ni. Mo ní ayé ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó ra ọkọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ń wà á, wọ́n sì ra ata lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹkún ń gbé ohùn rẹ̀. Ó ní mi ò mọ bí ayé ṣe rí báyìí, pé àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, pé bí ṣúgà mi bá lọ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí ńkọ́, pé òun kò lè máa fi ọkàn sókè lójoojúmọ́. Òótọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò sì sọ pé irọ́ ni. Mo ní ọ̀sán nìkan ni màá máa rìn, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí ni màá máa sùn, mi ò ní dá lọ, màá sì máa pè é bí mo bá ti dé ibì kan.

Ó ní, "Màámi, kí ni yàrá tí mo fún yín ṣe yín?"

Mo pè é wọlé. Mo ní kó jókòó tì mí. Mo ní, "Yàrá tí o fún mi dára. Yàrá tí bàbá rẹ kú sí náà dára, èmi ni mo ń gbá a. Mi ò fẹ́ yàrá tó dára. Mo fẹ́ máa lọ."

Ó fi orí rẹ̀ lé èjìká mi bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé, a sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi padà sórí àga wọn. Nígbà tó yá, mo tan sítóòfù, mo se ìrẹsì, mo gbé tiwọn fún wọn lábẹ́ igi. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọn ò súre fún mi, wọn ò sì tún sọ pé kí n bọ́ sílẹ̀.

Odò Ọya ni mo sọ pé mo fẹ́ lọ wò. Gbogbo àlùbọ́sà tí mo tà láyé mi, orí afárá Jẹ́bà ló gbà kọjá kó tó kàn mí, mi ò sì dé ibẹ̀ rí. Àlájà ní tí ìbátan òun ní Ìlọrin bá máa fún wa ní àyè láti sùn, òun ti ṣetán. Lọ́jọ́ tí a máa lọ, ó dé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé kẹ́tù rẹ̀ dání, ó wọ bàtà tuntun. A gba Èjìgbò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní oríta ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, àwọn tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fi pákó onííṣó dí wa lọ́nà. Wọ́n ní ọkọ̀ akérò ni. Mo ní mi ò kó èrò. Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù ni nígbà náà. Mo ní mi ò kó ẹrù, àwọn ohun ìní mi ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bínú, ó fa ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, ó sì fẹ́ gbẹ́sẹ̀ wọlé. Àlájà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ta ìborùn sórí, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, bọ́ bàtà rẹ kí o tó wọ ilé onílé."

Gìrìpá ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè. Ó rí kọ́tìnnì, ó rí ìkòkò, ó rí àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ mi tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀. Ó ní kí a má bínú. Mo bọ́ sílẹ̀ níjòókòó mi, mo lọ bá a, mo bi í pé ibo ni wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ arúgbó nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó fúnra rẹ̀ wọ́ pákó náà kúrò lọ́nà, ó sì dá àwọn ọkọ̀ yòókù dúró kí a lè kọjá.

A sùn nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ógbómọ̀ṣọ́. Olùṣọ́ ibẹ̀ gbé omi wá fún wa, ìyàwó rẹ̀ wá wo ọkọ̀, ó jókòó sórí gbogbo ohun tó ṣeé jókòó lé. Ní Ìlọrin, ilé ìbátan Àlájà la páàkì sí. Wọ́n ti tẹ́ yàrá sílẹ̀ fún wa. Àlájà wọlé lọ kí wọn, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó sì padà wá sùn nínú ọkọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì wọn lọ sílẹ̀ jù.

Ọ̀nà Jẹ́bà kò dára. Àwọn ọkọ̀ ńlá tò lọ bí ìjàlọ, kòtò tóbi débi pé ewúrẹ́ lè bímọ sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná, a dúró kó tutù, a tún lọ. Mo tọ̀ nígbà tó wù mí. Mo dúró nígbà tó wù mí. Ní ibì kan, mo mọ̀ pé ara mi ń gbọ̀n, ojú mi ń ṣú díẹ̀. Mo wọ́ ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo dùbúlẹ̀, Àlájà po tíì oníṣúgà fún mi, ó jókòó tì mí títí ara mi fi balẹ̀. Bó bá ṣe inú bọ́ọ̀sì èrò ni, mi ò mọ bí ì bá ti rí. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá ní kí n jókòó sílé nítorí ṣúgà.

Nígbà tí a dé etí Odò Ọya, a bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Omi náà fẹ̀, ó ń lọ láìkánjú, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Àwọn apẹja ń tukọ̀ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé kan tó kó àlùbọ́sà kọjá lórí afárá, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì mọ̀ láìwò pé kò tíì gbẹ tó. Mo ti rò pé màá sunkún. Mi ò sunkún. Ebi ló ń pa mí. A ra ẹja tútù, a gún ata, a sè é nínú ọkọ̀ létí omi, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, a sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bà títí ìka wa fi ń ta wá.

Mo pe ọmọ mi láti ibẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti lo oògùn mi. Mo ní mo ti lò ó. Ó ní ó dáa, kí n rọra máa wakọ̀.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú. Bí ó bá pè mí, kò ní ṣàì sọ pé kí n ta ọkọ̀ náà kó tó di pé apá mi kò ká a mọ́. Èmi náà kò ní ṣàì sọ pé mi ò tà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò tíì wọ inú rẹ̀ títí di òní. Ìyá tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti bi mí bóyá mo tún máa gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, torí àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Òjò ọdún tó kọjá rí ọ̀nà gba ìdí sólà wọlé, ó ba fóòmù kan jẹ́, a sì ti pààrọ̀ rẹ̀. Orúnkún òsì mi kò fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì, òun ló ń pariwo ju gbogbo ẹbí lọ, mi ò sì dá òun náà lóhùn.

Ní ọdún Àjíǹde tó kọjá, ọmọ mi wá kí mi. Ooru mú, iná kò sí nílé, ó ní òun fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó wọ inú bọ́ọ̀sì, ó tan fáànù, ó sùn, ó sì pẹ́ kó tó jí. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ wú, ilà pílò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní atẹ́gùn kò tó níbẹ̀, pé ó yẹ kí wọ́n gé fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ó lè máa gba inú kọjá. Mo ní lóòótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo pe wẹ́dà.